Àkùrọ̀ Tó Fẹ́ Di Ibi Ìgbọ́kọ̀sí: Àkọsílẹ̀ Ìwé Àṣẹ Ìkọ́lé Kan ní Àkúrẹ́

Pulọ́ọ̀tì mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, lẹ́yìn ọ̀nà Ọ̀dà ní Àkúrẹ́, ní apá ibi tí ìṣàn kékeré kan ti ń wá ọ̀nà bọ́ sínú Odò Àlà. Méjì wà lókè, wọ́n gbẹ. Méjì tó kù jẹ́ àkùrọ̀. Ẹni tó ni wọ́n jẹ́ ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tó fẹ́ fi owó tí ọmọ rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun kọ́ gbọ̀ngàn ayẹyẹ. Mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ́. Ó ní kí n má dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ ẹbí tó ta ilẹ̀ fún òun, nítorí àwọn ṣì jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá èèyàn to ìwé pláànù, kí n gbé e lọ sí ọ́fíìsì, kí n sì máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí yóò fi jáde.

Ìwé tó wà lọ́wọ́ Màmá nígbà tó pè mí kì í ṣe kékeré. Rìsíìtì ẹbí wà níbẹ̀, àgírímẹ́ǹtì tí lọ́yà kọ wà, sọ́fè wà pẹ̀lú òǹtẹ̀ sọ̀féyọ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ètò C of O, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀. Ẹni tó bá rí fáìlì yẹn yóò ní obìnrin náà ṣe dáadáa, òótọ́ sì ni. Ohun tí kò sí nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ omi. Sọ́fè ń sọ ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kò sọ ohun tí ilẹ̀ náà ń dà nínú oṣù Kẹsàn-án. Oṣù Kejì ni ẹbí mú un lọ wò ó, nígbà tí koríko ti gbẹ, tí ilẹ̀ sì le débi tí ọkọ̀ fi wọ ibẹ̀ já. Mo ti ṣàkíyèsí pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà wà fún títà nígbà òjò.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ díẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Igi ọ̀gọ̀rọ̀ dúró ní igun ìsàlẹ̀, kókò sì ti yọ láàárín koríko láìsí ẹni tó gbìn ín. Mo ní kí ọmọkùnrin tó bá mi lọ gbẹ́ ilẹ̀ dé ìwọ̀n orúnkún. Ilẹ̀ dúdú ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni amọ̀ aláwọ̀ eérú, tí ìlà pupa bí ìpẹtà irin sì wà lára rẹ̀ níbi tí gbòǹgbò ti gbà kọjá. Ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. A ò tíì gbé ọkọ́ sílẹ̀ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sun láti ẹ̀gbẹ́ wọ inú ihò náà. Ilẹ̀ tí omi bá ń jókòó sí fún ìgbà pípẹ́ kì í rí afẹ́fẹ́ gbà. Irin inú rẹ̀ á pàdánù àwọ̀ pupa rẹ̀, àfi lójú ọ̀nà gbòǹgbò, níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti rí àyè wọlé. Àmì yìí kì í parẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ nínú oṣù Kejì, ẹ mú ọkọ́ dání lọ.

Àwọn obìnrin kan ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sí apá ìsàlẹ̀ náà. Mo lọ kí èyí tó dàgbà jù nínú wọn.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Ṣé ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń ro ibí?”

“Ìyá ọkọ mi ló fi lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ da yẹ̀pẹ̀ sí i?”

“Rárá o, mà. Mo kàn wá wò ó ni.”

“Ẹ wò ó dáadáa. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn, bí òjò bá dé, ibí ló máa ń dé.” Ó fi ọwọ́ kan itan rẹ̀, ó sì padà sórí ebè rẹ̀.

Ohun tí Màmá ń rò kò burú lójú ẹni tí kò bá mọ̀. Gbọ̀ngàn yóò wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Àkùrọ̀ ni wọn yóò da yẹ̀pẹ̀ pupa sí, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pa, kó di ibi tí àlejò yóò máa gbé ọkọ̀ sí. Ó máa ń sọ pé, “Ọkọ̀ ló máa dúró lé e, kì í ṣe ilé.” Bíríkìlà rẹ̀ ti ṣírò iye tipa tí yóò já yẹ̀pẹ̀ síbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń yàwòrán ilé sì ti ya gbogbo rẹ̀, ó ti gbé e wọ ọ́fíìsì pláànù. Wọ́n dá a padà. Ìyẹn ló mú kó pè mí.

Ẹ jẹ́ ká tú òfin rẹ̀ palẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. C of O tí gómìnà ń fúnni jẹ́ ẹ̀rí pé èèyàn ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ yẹn. Kì í ṣe àṣẹ láti kọ́lé, kì í sì í ṣe àṣẹ láti yí ojú ilẹ̀ padà. Abẹ́ òfin pláànù ìlú ni àṣẹ ìkọ́lé wà. Ìjọba àpapọ̀ ṣe ọ̀kan ní 1992, ṣùgbọ́n ní 2003 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ kan láàárín ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, wọ́n ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni ọ̀rọ̀ pláànù ilẹ̀ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ́fíìsì pláànù ní Àkúrẹ́ níbí ni ìwé Màmá ní láti gbà kọjá, kì í ṣe Abuja. Bí òfin 1992 náà sì ṣe túmọ̀ iṣẹ́ lórí ilẹ̀, kò dúró lórí ilé kíkọ́ nìkan. Iṣẹ́ ẹnjinnía tí ẹ bá ṣe lórí ilẹ̀ tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyípadà lílo ilẹ̀ tó lè nípa lórí àyíká. Yẹ̀pẹ̀ tipa náà wà lára rẹ̀, bí búlọ́ọ̀kù kan kò tiẹ̀ tíì débẹ̀.

Àwọn kan á ní EIA ló kàn, ìyẹn àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ kan yóò ní lórí àyíká. Òfin EIA náà ti wà láti 1992, ó sì to àwọn iṣẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò kíkún fún lẹ́sẹẹsẹ. Ó dárúkọ fífa omi irà gbẹ, ṣùgbọ́n èyí tó bá tó 100 hẹ́kítà sókè. Fún kíkọ́ ọ̀pọ̀ ilé gbígbé, 50 hẹ́kítà ni. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Pulọ́ọ̀tì tiwa, 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120, kò ju nǹkan bí 669 mítà onígun mẹ́rin lọ. Kí irú rẹ̀ tó tó 100 hẹ́kítà, yóò gba nǹkan bí 1,495. Ta ló ń ra 1,495? Ẹnì kan á ra méjì, ẹnì kan á ra ọ̀kan, ṣọ́ọ̀ṣì á ra mẹ́ta. Ogún ọdún á kọjá, àkùrọ̀ á ti tán, òfin yẹn ò sì ní kan ẹnì kankan nínú wọn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló ti tàsé. Ìtanràn rẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo jẹ́ 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Owó ńlá ni 100,000 ní 1992. Lónìí, ẹ bi àwọn onítipa.

Nǹkan méjì tún wà lókè ìyẹn. NESREA, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2007 láti máa mú òfin àyíká ṣẹ, ní ìlànà kan tó jáde ní 2009 tó dá lé irà, etí odò àti etí adágún. Kókó rẹ̀ ni pé kí a máa lo irà láì bà á jẹ́, kí ẹni tó bá sì fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gba àṣẹ. Nàìjíríà tún wà nínú àdéhùn Ramsar, àdéhùn àgbáyé lórí ààbò irà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìlú Ramsar ní Iran ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì 1971. Irà 11 ni orílẹ̀-èdè wa ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn náà. Kò sí èyí tó wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó nínú wọn, pẹ̀lú gbogbo bí omi Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò ṣe pọ̀ tó. Bí ti Ìlàjẹ kò bá wọ ìwé, kí ni ẹni kan yóò wá sọ nípa àkùrọ̀ ẹ̀yìn ọ̀nà Ọ̀dà? Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìwé àṣẹ ìkọ́lé lásán yìí, tí àwọn èèyàn kà sí ọgbọ́n tí ìjọba fi ń gba owó, òun gan-an ló lè dá tipa dúró ní ẹnu ọ̀nà irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwé tí ọ́fíìsì fi dá ti Màmá padà kò gùn. Wọ́n ní àwòrán kò fi ìṣàn omi hàn rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò fi gíga ilẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ hàn. Ibi ìgbọ́kọ̀sí bọ́ sójú ọ̀nà omi. Sókàwéè sì sún mọ́ odò jù. Tíṣà kì í kúrò lára tíṣà: bíírò pupa ni Màmá fi ka ìwé náà, ó ti falà sábẹ́ àṣìṣe sípẹ́lì méjì kó tó gbé e fún mi.

“Ọmọ mi, ṣé ilẹ̀ tí mo fowó ara mi rà ni wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ da yẹ̀pẹ̀ sí?”

“Ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀, mà. Omi tó ń gba orí rẹ̀ kọjá ni kì í ṣe tiyín nìkan.”

“Omi kẹ̀? Èmi ò ra omi o.”

“Wọ́n tà á mọ́ ọn fún yín ni, mà. Wọn ò kàn kọ ọ́ sí rìsíìtì.”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí i. Ó ní ẹni tó wà ní apá ọ̀tún òun ti da yẹ̀pẹ̀ sí tirẹ̀, ó ti mọ ògiri yí i ká, kò sì sẹ́ni tó dá a lẹ́kun. Òótọ́ ni pé ó ti ṣe é. Mo mú Màmá lọ wo ẹ̀yìn ògiri náà. Ilé àwọn kan wà ní ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ tipẹ́, tí omi kì í wọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní òjò tó kọjá, omi tí ògiri náà dá padà gba ilé ìdáná wọn. Àwọn ará ilé yẹn ló lọ fi ẹjọ́ sùn, kò sì pẹ́ tí ọ̀dà pupa fi dé ara ògiri pẹ̀lú ìwé ìdádúró iṣẹ́. Nígbà tí mo ń kọ èyí, ògiri ṣì wà níbẹ̀, ọ̀dà ṣì wà lára rẹ̀, àwọn ará ìsàlẹ̀ sì ti ń bá lọ́yà sọ̀rọ̀.

Àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Ẹni tó ń ra ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò àárín ìgboro bá gba gọ́tà já sí Àlà, tí odò kún, irú àkùrọ̀ wọ̀nyí ni omi ń yà sí kó tó rọra padà. Bí a bá dí wọn, omi ò ní tìtorí ìyẹn kéré. Ilé ẹlòmíràn ni yóò yà sí. Àwọn tó mọ Ìbàdàn kò tíì gbàgbé ẹ̀kún omi Odò Ògùnpa ti 31 oṣù Kẹjọ 1980, wọ́n sì tún rí irú rẹ̀ ní 26 oṣù Kẹjọ 2011.

Ọ̀rọ̀ sókàwéè ni mo fẹ́ kí àwọn onílé fara balẹ̀ gbọ́, torí àwọn èèyàn kì í kà á sí. Orí àpáta ni Àkúrẹ́ jókòó lé. Ẹni tó bá ti gbẹ́ kànga níbẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí àpáta náà kì í jìn púpọ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, inú ilẹ̀ rírọ̀ yẹn sì ni omi kànga ti ń wá. Iṣẹ́ sókàwéè ni kí ilẹ̀ máa mu omi ìdọ̀tí, kó máa sẹ́ ẹ bó ṣe ń lọ. Ilẹ̀ tí omi ti kún inú rẹ̀ kò ní ohun tí yóò tún mu. Omi ìdọ̀tí á rìn lọ ní tààrà, bóyá sínú odò, bóyá sínú kànga aládùúgbò. Gbọ̀ngàn ayẹyẹ kì í sì í ṣe ilé èèyàn márùn-ún. Ní ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lè lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Màmá, ó dákẹ́. Kànga tirẹ̀ ní ilé tó ń gbé kò jìnnà sí sókàwéè ẹni ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ti ń se omi rẹ̀ kó tó mu ún láti ọjọ́ pípẹ́.

A tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Sọ̀féyọ̀ padà síbẹ̀ láti wọn gíga ilẹ̀. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ yọjú ni pé ibo ni etí omi gan-an. Bí a bá wọ̀n ọ́n láti ibi tí omi wà lọ́jọ́ yẹn, a ó kàn máa tan ara wa ni. Ara igi ọ̀gọ̀rọ̀ la ti rí ìdáhùn: ìlà ẹrẹ̀ gbígbẹ kan yí gbogbo wọn ká ní gíga kan náà, ibẹ̀ ni òjò tó kọjá kún dé, ó sì bá itan ìyá alẹ́fọ̀ọ́ mu. Sọ̀féyọ̀ fi ẹ̀rọ rẹ̀ wo ìlà yẹn, ó gbé e ká gbogbo ilẹ̀, ó sì kàn èèkàn mọ́ ibi tó bọ́ sí. Láti orí èèkàn wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ka àyè tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún odò. Àyè yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú bù. Bí odò bá ṣe tóbi sí ni, ọ́fíìsì ló sì ń sọ ọ́, ẹ má gba ti bíríkìlà.

Ayàwòrán ilé dín gbọ̀ngàn kù, ó sì yí i kọ ojú sí títì. Ibi ìgbọ́kọ̀sí bọ́ sí iwájú, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù oníhò tí koríko lè gbà yọ, kí òjò lè rí ibi wọlẹ̀. Ọkọ̀ tí yóò gbà kò tó iye tí Màmá fẹ́. Èyí ló dùn ún jù, n kò sì rí ohun tí mo lè fi tù ú nínú.

Ìwé tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì ní fọ́ọ̀mù, ẹ̀rí ilẹ̀, sọ́fè pẹ̀lú ìwọ̀n gíga, àwòrán ilé, àwòrán ìpìlẹ̀ àti irin tí ẹnjinnía tó forúkọ sílẹ̀ fọwọ́ sí, ìwé ẹ̀rí owó orí, àti àlàyé kan tí mo kọ nípa ọ̀nà tí omi ń gbà. Ó bọ́ sínú wàhálà tí gbogbo wa mọ̀: ọ́fíìsì kan ní àwọn ò ní gbà á àfi kí ibòmíràn kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ibòmíràn náà sì ní àfi kí ti àkọ́kọ́ ṣáájú. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, mo fi ẹ̀dà ti ọ̀kan ránṣẹ́ sí èkejì, mo sì gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tèmi. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní òǹtẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n rán òṣìṣẹ́ wá wo ilẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin ni, bàtà òjò ló wọ̀ wá, ìyẹn sì fi mí lọ́kàn balẹ̀. Òun náà gbẹ́ ihò tirẹ̀.

Àṣẹ jáde, ṣùgbọ́n ó ní ìdè. A ò gbọ́dọ̀ da yẹ̀pẹ̀ sí ìsàlẹ̀ èèkàn. Òkúta kọnkéré ni kí a fi rọ́pò èèkàn, kí ẹni tó bá ra ilẹ̀ náà lọ́jọ́ iwájú lè rí i. Omi òrùlé kò gbọ́dọ̀ dà sórí ilẹ̀ aládùúgbò. Wọ́n gbọ́dọ̀ wá wo ìpìlẹ̀ kí a tó da kọnkéré. Èyí tó ya Màmá lẹ́nu jù ni ti ògiri: a ò gbọ́dọ̀ mọ búlọ́ọ̀kù la àkùrọ̀ kọjá, wáyà nìkan ni. Ní Àkúrẹ́ tiwa yìí, ilẹ̀ tí kò ní ògiri, ojú ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀ ni wọ́n fi ń wò ó. Mo rán an létí ògiri ọwọ́ ọ̀tún pẹ̀lú ọ̀dà pupa ara rẹ̀. Wáyà ló lò.

Ní ti owó, gbogbo ohun tó ná sórí sọ́fè tuntun, àwòrán àti owó ìwé kò tó iye tí bíríkìlà fẹ́ gbà fún yẹ̀pẹ̀ nìkan. Àwọn obìnrin alẹ́fọ̀ọ́ ṣì wà níbẹ̀. Màmá kọ́kọ́ fẹ́ gba owó oko lọ́wọ́ wọn, ó wá ní kí wọ́n máa fún òun ní ẹ̀fọ́, kí wọ́n sì máa bá òun ṣọ́ òkúta ààlà.

Gbọ̀ngàn náà ti kọjá ojú fèrèsé báyìí. Nínú oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, omi gòkè dé ìdí òkúta mélòó kan, kò sì kọjá wọn. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé Màmá ti gbọ́ pé owó wà nínú ẹja àrọ̀, ó fẹ́ gbẹ́ adágún ẹja kékeré sí igun àkùrọ̀ náà. Ó ní kí n kàn fi kún ìwé àtijọ́. Kò ṣeé fi kún, iṣẹ́ mìíràn ni, ìwé mìíràn ló fẹ́. A ti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Wọ́n dá a padà pẹ̀lú ìbéèrè kan: níbo ni omi tí ẹja ti lò yóò máa dà sí? Màmá fẹ́ kó máa lọ sórí ẹ̀fọ́. Ìyá alẹ́fọ̀ọ́ ní òun fẹ́ ẹ, bí wọn kò bá ti da iyọ̀ sínú rẹ̀, torí òun mọ̀ pé àwọn olówò ẹja máa ń fi iyọ̀ tọ́jú ẹja. Ẹnjinnía ń ya ọ̀nà omi náà lọ́wọ́. Bó bá ti parí rẹ̀, màá gbé fáìlì padà lọ.